Kì í ṣe èdè Yorùbá ló ba ilé-ìwé ìjọba jẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa kọ lẹ́tà sí yín. Tíṣà ni mí. Ọdún 1981 ni mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Kejì, mo fẹ̀yìntì ní 2016, gbogbo ọdún 35 yẹn ni mo sì lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, sọ ní Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ló gbé gègé lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, pé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni. Ó ní àwọn ẹkùn tó gbá èdè abínibí mú jù ni àwọn ọmọ wọn ń fìdí rẹmi ní WAEC, NECO àti JAMB. Ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àkúrẹ́ tiwa níbí! Mo ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò gbé ìròyìn náà. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọmọ mi ló bá mi rẹ́ ìyókù.

Ìlànà tí wọ́n wọ́gi lé yìí, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà. Ó ní kí a fi èdè ìlú tí ọmọ wà kọ́ ọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó máa lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà ìgbà náà sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an pé ó máa gba àkókò, torí pé ìwé kò tíì sí, olùkọ́ tó máa lò ó kò sì tíì pọ̀ tó. Ó dáa. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kíláàsì kẹrin ló wà nígbà tí Dókítà Alausa ń sọ̀rọ̀ ní Abuja. Ọmọ ọ̀hún kò tíì rí ìwé ìdánwò WAEC sójú rí. Ọdún mẹ́jọ ṣì wà láàárín òun àti WAEC. Ẹ bá mi bi mínísítà léèrè: báwo ni ìlànà tí kò tíì mú ẹyọ ọmọ kan dé kíláàsì kẹfà ṣe di ohun tó ń mú àwọn ọmọ fìdí rẹmi ní kíláàsì kejìlá?

Wọ́n lè sọ pé ìlànà ti wà ṣáájú. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1977 ni ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ń sọ pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré. Orí ìwé ló wà. Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 35, n kò rí ẹyọ ìwé ìṣirò kan lédè Yorùbá kí ìjọba gbé e wá sí ilé-ìwé mi. Gbogbo páálí ìwé tí wọ́n já sílẹ̀ ní fàráńdà ọ́fíìsì mi, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí mo ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí n fi kọ ọ́. Inspẹ́kítọ̀ tó bá wọlé, tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, á fajú ro sí mi. Ìdánwò ìparí táàmù, Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu wa nìkan ni Yorùbá wà, torí pé òun ló lè wọ etí ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọdún 2025 tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ní oṣù karùn-ún, èsì JAMB jáde, ó burú débi pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ, àwọn tí kò gba 200 lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn tó ń sunkún, tó ní àṣìṣe ti wọ inú ẹ̀rọ àwọn, pé ó kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Oṣù yẹn kan náà ni ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì WAEC pẹ́ kó tó dé, tí ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, tí àwọn kan fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣe ìdánwò. Ní oṣù kẹjọ, WAEC ní ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ 72.12 ni lọ́dún tó ṣáájú. Ariwo ta. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn fúnra wọn ní àwọn ṣàṣìṣe nínú bí àwọn ṣe máàkì, wọ́n yí i sí 62.96. Nínú gbogbo èyí, níbo ni èdè Yorùbá ti ṣẹ̀? Dókítà ìṣègùn ni mínísítà wa. Ó mọ̀ pé a kì í gé ẹsẹ̀ fún aláìsàn tí orí ń fọ́.

Mo wá fẹ́ mú yín wọ kíláàsì mi.

Ilé-ìwé tí mo ti fẹ̀yìntì, kíláàsì mẹ́fà ló ní. Tíṣà mẹ́ta ni wá, èmi ọ̀gá ilé-ìwé sì wà nínú mẹ́ta yẹn. Ní àràárọ̀, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà méjì sójú bọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀dù á wá pín sí mẹ́ta. Apá òsì fún kíláàsì kẹrin, àárín fún ìkarùn-ún, apá ọ̀tún fún ìkẹfà. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìṣirò, mo ti gbọ́dọ̀ fún ìkẹrin ní ohun tí wọ́n máa dà kọ, kí n sì ní kí ọmọ kan nínú ìkarùn-ún máa ka ìwé sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́ta nínú yàrá kan. Nígbà tí mo bá máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, àwọn kan ti dà á kọ tán, wọ́n ti fi orí lé tábìlì, wọ́n ti sùn. Mi ò nà wọ́n. Òmíràn nínú wọn, oko ló ti ń bọ̀ kó tó wá sí ilé-ìwé.

Ṣọ́ọ̀kì yẹn, owó àpò mi ni. Rẹ́jísítà, owó àpò mi. Ní ọdún 2013, ìjì ṣí páànù bulọ́ọ̀kù kan lọ, ó gbé e jù sínú oko kòkó tó wà lẹ́yìn. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n rán ọkùnrin kan, ó gun ọ̀kadà wá, ó fi téèpù wọn ògiri, ó ya fọ́tò, ó ní kí n fọwọ́ síwèé, mo fọwọ́ sí i. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo kọ lẹ́tà kejì, mo kọ ẹ̀kẹta. Mọ́kànlá ni gbogbo lẹ́tà tí mo kọ lórí páànù yẹn, ẹ̀dà wọn wà nínú fáìlì kan nílé mi títí dòní, òǹtẹ̀ “a ti gbà á” wà lára mẹ́jọ nínú wọn. Àwọn òbí ló padà dáwó. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà sísè mú igba náírà wá ní ẹyọ ẹyọ, ó kà á lé mi lọ́wọ́, ó tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé kò pọ̀. Páànù àlòkù ni owó náà ká. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí òjò bá ti ṣú, àwọn ọmọ á ti máa dìde fúnra wọn, wọ́n á ti àga sí apá kan, torí wọ́n mọ gbogbo ojú ibi tó ń jò lórí.

Nínú kíláàsì yẹn, ọmọbìnrin kan wà ní ìkarùn-ún. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí, òun ló máa ń jókòó ti igbá lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jọ́ kan, mo ka ìbéèrè láti inú ìwé ìṣirò ìjọba, lédè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ ọ́: àpò kan, wọ́n ta ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ló kù? Mo pè é. Ó dìde. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún un kà, ó ń fi àtàǹpàkò họ etí tábìlì. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo wá fi ìwé sílẹ̀, mo ní, “Ìwọ, bí wọ́n bá bu kóńgò gàrí kan fún ọ, tí o pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, tí o ta mẹ́ta, kí ló ṣẹ́kù?” Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, “Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, mà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ta á bẹ́ẹ̀, ìlàjì kóńgò la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, agolo mílíìkì la fi ń wọ̀n ọ́n.” Lójú ẹsẹ̀, ó tún ṣàlàyé fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé bí ènìyàn bá ń ta á ní agolo, èrè á pọ̀ díẹ̀ sí i, torí pé ojú agolo kì í kún bí ti kóńgò.

Ọmọ tó mọ ìdá, tó mọ èrè, tó mọ òṣùwọ̀n. Nínú ìdánwò ìparí táàmù, ó gba méjì nínú ogún. Wọ́n máa kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn tó fìdí rẹmi, mínísítà kan á sì dìde lọ́jọ́ kan, á ní Yorùbá ló pa á lára.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ìṣirò sínú ìwé àjákọ lédè Yorùbá. Àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín, ìdá, òṣùwọ̀n, owó. Mo lo gàrí, mo lo ọ̀pá aṣọ, mo lo ìwọ̀n kòkó tó gbẹ àti èyí tí kò tíì gbẹ, torí pé ohun tí àwọn ọmọ náà ń rí nílé nìyẹn. Ìwé náà di méjì, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Ní ìsàlẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kúkurú, kí ọmọ lè mọ ohun tí wọ́n máa pè é lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ nǹkan náà, á tó wá kọ́ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn ọmọ Ìgèdè wà ní kíláàsì wa o, tí òbí wọn wá láti Benue wá ṣiṣẹ́ oko kòkó. Kí ẹ má rò pé mo gbàgbé wọn. Kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n ti gbọ́ Ìjẹ̀ṣà ju èmi gan-an lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sí wọn létí.

Èmi kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n mú àwọn ọmọ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n sì fi sí ìdí rẹ̀. Wọ́n mú àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n ṣe tiwọn bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun lédè Yorùbá fún iṣẹ́ náà, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán ìhà méjèèjì wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà tí iṣẹ́ yẹn ń parí lọ. Inú wa ń dùn. A rò pé bí a bá jáde, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kó fún wa. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, síbẹ̀ àwọn ìwé náà kò dé abúlé mi.

Ẹ wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn o: ìwé wà, tíṣà wà, àbójútó wà. Èdè nìkan kọ́ ló ṣe é. Èyí ni ìjọba kò fẹ́ ká rí. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fi Yorùbá, bí tíṣà kan bá ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta lábẹ́ òrùlé tó ń jò, ọmọ kò ní mọ̀wé. Ó sì rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ìlànà kan ní Abuja ju kí wọ́n gba tíṣà lọ.

Owó ń kọ́? Owó wà. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004, ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ kan tó gba ìpín tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Àìmọye gómìnà ni kì í gbé e kalẹ̀. Owó á wá jókòó sí Abuja lọ́dọọdún, òjò á máa jò sí ọmọ lórí ní abúlé. Mo gbọ́ nípa òfin yìí lẹ́yìn tí mo ti kọ lẹ́tà mọ́kànlá tán. Àánú ìyá ẹlẹ́pà ló ṣe mí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Àwọn tó ṣe é ṣáájú kò lówó tó àwọn tòde òní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ó kàn án, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣì máa ń fi bó ṣe nawọ́ yẹn han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Owó-orí ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà rẹ̀, inú bí àwọn ènìyàn sí owó-orí náà gan-an, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn tirẹ̀ ní 1954. Síbẹ̀ wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ní 1955 bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Èwo nínú àwọn aṣáájú wa lónìí ló máa pàdánù ìbò nítorí ọmọ tálákà?

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa ka lẹ́tà yìí, wọ́n á ní ìyá yìí fẹ́ fi ọmọ wa sẹ́yìn. Ìyá kan wá bá mi rí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ máa sọ sí i, èyí tí mo ń sọ sí i nílé ti tó o.” N kò bá a jà. Ó ti rí i pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jókòó sí ọ́fíìsì. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n tíṣà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni wọ́n ń ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ á pàdánù sáyẹ́ǹsì, á pàdánù Gẹ̀ẹ́sì, á tún pàdánù Yorùbá pẹ̀lú.

Ẹni tó bá lówó díẹ̀ ti sá kúrò ní ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ mi náà sá. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin wà ní ilé-ìwé aládàáni kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú ìwé kékeré tí wọ́n fi lẹ́ ẹ láyà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, kí òbí san àádọ́ta náírà. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní ọmọ kan ṣubú lórí simẹ́ńtì, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, òun sì sọ fún un pé, “Pẹ̀lẹ́ o.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé, “Màámá àgbà, kí ni wọ́n ń pe pẹ̀lẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì?” Mo jókòó síbẹ̀, mo wá a, n kò rí i. Ẹni tó bá sọ pé “sorry” ni, ó ń tọrọ àforíjì ni. Ọmọ yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àánú ọmọlàkejì rẹ̀ ló ṣe é, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí mínísítà ṣe yìí, ó ti fún gbogbo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ láṣẹ kí wọ́n máa bá a lọ, ó sì ti gbé e wọ ilé-ìwé ìjọba tó jẹ́ ibi tó kù fún wa.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1999, ní abala 55, ní kí àwọn aṣòfin àgbà àti aṣojú-ṣòfin lè fi Hausa, Ìgbò àti Yorùbá jíròrò bí ètò bá ti wà fún un. Sẹ́nétọ̀ tó ti jẹ́ àgbà lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ìnáwó ọlọ́dọọdún. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì gbọ́ èdè mìíràn, òun ni wọ́n ní kó gba ẹnu àjèjì gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Abala 18 nínú ìwé òfin kan náà ní kí ìjọba sapá láti mú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti kànńpá fún gbogbo ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é, ìyá ẹlẹ́pà ló ń ra páànù.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin gómìnà ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti Abuja nìkan, ọwọ́ yín náà ló wà. Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó mú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ gbé ìpín tiyín nínú owó UBE kalẹ̀. Ẹ fi tíṣà kọ̀ọ̀kan sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abúlé kí ẹ tó dé ìlú ńlá, torí abúlé ni wọ́n ti ń fi kíláàsì mẹ́ta sínú yàrá kan. Ẹ kó àwọn ìwé iṣẹ́ Ifẹ̀ jáde níbi tí wọ́n wà, kí àwọn ọ̀mọ̀wé tún wọn ṣe fún ayé òde òní, kí ẹ tẹ̀ wọ́n. Ẹ fi tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sí ìdí Gẹ̀ẹ́sì, kó máa kọ́ ọ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn òbí tó bá sì rí i tí ọmọ wọn gbọ́ méjèèjì yékéyéké, wọn ò ní bi yín léèrè èwo ló ṣáájú.

Ọmọbìnrin gàrí yẹn kò lọ sí girama. Mo rí i lọ́jà lọ́dún tó kọjá, ó ti ní igbá tirẹ̀, ó bu gàrí fún mi, kò sì jẹ́ kí n sanwó. Mo béèrè ìdí tí kò fi tẹ̀síwájú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí mi kò gbé ìwé.” Ó ń ka ṣéńjì fún oníbàárà mẹ́ta bó ṣe ń sọ ọ́, kò ṣì í.

Ìwé àjákọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ìbéèrè 612 ló wà nínú wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lálẹ́ àná, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Yorùbá yòówù tó bá fẹ́ wọn, kó rán ènìyàn wá gbà wọ́n, n kò ní gba kọ́bọ̀. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín ní ọ́fíìsì, mo sì fún yín láṣẹ láti fún wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.